Èfu ẹnu àti èfu ojú ara: ìfiwéra oògùn ilé àti oògùn apòògùn

Áyù ni mo kọ́kọ́ lò nígbà tí èfu mú mi lójú ara. Mo bó hóró kan, mo so òwú mọ́ ọn kí n lè rí i fà jáde, mo sì tì í bọ ojú ara lálẹ́, pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó ti rí oògùn àìsàn rẹ̀. Oorun tí mo sùn ò tó wákàtí kan. Nígbà tí mo jí, ìyún tó lé mi dé ìdí áyù ti di ìjóni, àfi bíi pé wọ́n fi ata pa mí lára. Mo fà á jáde, mo bu omi tútù sí i, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé òórùn áyù gba ẹnu mi kan, bẹ́ẹ̀ n kò fi ẹnu kàn án.

Láti ọjọ́ náà, oògùn ilé yòówù tí wọ́n bá júwe fún mi, ohun méjì ni mo kọ́kọ́ ń bi í: ibo ni yóò kàn lára, ara ta sì ni? Ohun tí ẹnu àgbà gbà lè pa ọmọ ọwọ́ lára. Èyí tí awọ itan gbà, ojú ara lè má gbà á. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń pín oògùn sí “ti ewé” àti “ti òyìnbó” kí a tó yan, ṣùgbọ́n ìpín yẹn kì í ranni lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ èfu. Ẹ wo nystatin tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ. Obìnrin méjì, Elizabeth Hazen àti Rachel Brown, ló rí i ní 1950 lára kòkòrò tín-ín-rín kan tó ń gbé nínú erùpẹ̀ oko ní Virginia, ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ New York tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Oògùn apòògùn ni, inú ilẹ̀ ló ti wá. Bọ́rìkì asídì tí àwọn kan ń pè ní ohun àdánidá rèé, ẹni tó bá gbé e mì lè kú.

Kí a tó yan ohunkóhun: ṣé èfu ni?

Candida ni orúkọ kòkòrò tó ń fa èfu, *Candida albicans* ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ẹbí olú àti ìwúkàrà ni. Ó ń gbé lẹ́nu, nínú ìfun àti lójú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn yá, kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí tí nǹkan kan yóò fi já a sílẹ̀: oògùn antibáyótíìkì tó pa bakitéríà rere dànù, oyún, ìtọ̀ ṣúgà tí wọn ò kápá, oògùn sìtẹ́rọ́ọ̀dù, tàbí àìsàn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù. Nínú obìnrin mẹ́rin, nǹkan bíi mẹ́ta ni yóò ní in lójú ara ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, wọn ò sì kà á mọ́ àrùn ìbálòpọ̀.

Ti ojú ara máa ń yún gan-an. Omi tó ń jáde máa ń nípọn, ó funfun bíi wàrà tó dì, kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ìtọ̀ lè máa ta ni níbi tí awọ ti bó. Tó bá ń rùn bí ẹja, tí omi náà ṣàn tó sì ní àwọ̀ eérú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn bakitéríà ojú ara. Tó bá ní àwọ̀ ọbẹ̀dò, tó ń hó, ó tún lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ìwádìí kan jáde ní 2002 lórí obìnrin 95 tí wọ́n fúnra wọn ra oògùn èfu torí wọ́n gbà pé èfu ló ń ṣe wọ́n. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló jẹ́ èfu nìkan. Oògùn tó dára jù lọ láyé ò lè wo àrùn tí kò sí níbẹ̀.

Ti ọmọ ọwọ́ rọrùn láti dá mọ̀. Fi aṣọ fúnfun tó mọ́ wé ìka, rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o rọra nu ahọ́n rẹ̀. Tó bá jẹ́ wàrà ló kù síbẹ̀, yóò kúrò, ahọ́n pupa yóò sì yọ. Tó bá jẹ́ èfu, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Tí o bá fagbára nù ún, abẹ́ rẹ̀ á pọ́n bí ẹran, ó tilẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Dúró níbẹ̀, má họ ọ́. Wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹran ìdí eyín náà, torí wàrà kì í sábà dúró síbẹ̀. Àgbàlagbà ní tirẹ̀ á ní ẹnu òun dà bíi pé òwú kún inú rẹ̀, oúnjẹ ò sì dùn mọ́. Igun ètè rẹ̀ tún lè máa sán.

Fún ẹni tí ìyún ò jẹ́ kó ráyè kàwé gígùn

| Ohun tí a fẹ́ lò | Ẹnu àgbà | Ẹnu ọmọ ọwọ́ | Ojú ara |
|---|---|---|---|
| Omi iyọ̀ | Ó dára, ṣan ẹnu kí o tu ú | Rárá | Má fi fọ inú |
| Sódà ìṣeburẹ́dì | Ó dára, ṣan ẹnu kí o tu ú | Rárá | Lóde, fún ìtura. Inú, rárá |
| Ọtí kíkan ápù | Ó ń jẹ eyín | Rárá | Rárá |
| Yúgọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà | Jẹ ẹ́ bó bá wù ọ́ | Kì í ṣe oògùn | Lóde nìkan, fún ìtura |
| Òróró àgbọn | Kò burú | Kì í ṣe oògùn | Lóde nìkan. Kò bá kọ́ńdọ̀mù mu |
| Áyù | Nínú oúnjẹ | Rárá | Ẹ ti gbọ́ ìtàn mi |
| Oyin | Ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ | Ó léwu kí ọmọ tó pé ọdún kan | Mi ò ní gbà á níyànjú |
| Òróró tea tree | Májèlé ni tí a bá gbé e mì | Rárá | Ó ń jó ni |
| Bọ́rìkì asídì | Májèlé | Májèlé | Dókítà nìkan ló lè kọ ọ́ |
| Nystatin | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni, irú tirẹ̀ wà |
| Clotrimazole (oògùn èfu láti ọ̀dọ̀ apòògùn) | Èyí tí a ń pọ́n lá wà | Béèrè lọ́wọ́ dókítà | Bẹ́ẹ̀ ni |

Ọtí kíkan àti sódà

Ibi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù rèé. Ẹnìkan á ní kí o da ọtí kíkan ápù sínú omi ìwẹ̀ kí ojú ara lè kan, torí èfu kì í fẹ́ ibi tó kan. Ẹlòmíràn á ní kí o da sódà sí i kí ojú ara má baà kan, torí ibi tó kan ni èfu fẹ́ràn. Àìsàn kan náà ni àwọn méjèèjì ń wí, ó sì dá àwọn méjèèjì lójú.

Ojú ara tí ara rẹ̀ yá máa ń kan díẹ̀; lórí òṣùwọ̀n pH, níbi tí nọ́ńbà ti ń kéré sí i bí nǹkan bá ṣe kan tó, ó wà láàárín 3.8 sí 4.5. Nígbà tí èfu bá dé, ibẹ̀ náà ló sábà máa ń wà. Candida lè gbé níbi tó kan, ó sì lè gbé níbi tí kò kan. Nítorí náà ọtí kíkan ń bu asídì lé asídì tó ti tó, awọ tó ti bó ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Sódà ní tirẹ̀ ń dín ìkan tí bakitéríà rere nílò kù, ìyẹn lè ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn bakitéríà ojú ara tí mo mẹ́nu bà lókè. Àrùn yẹn ló máa ń gbé pH kọjá 4.5. Ìdí nìyí tí bébà ìdánwò pH fi wúlò nílé: tó bá ju 4.5 lọ, má ra oògùn èfu, lọ ṣàyẹ̀wò.

N kò ní jiyàn pé jíjókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a bu sódà díẹ̀ sí lè mú ìyún rọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ó ti ṣe é fún mi. Ìtura ni, kì í ṣe ìwòsàn, bí ìgbà tí a fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ẹni tí ibà ń ṣe. Ohun tí n kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni ni kó fi rọ́bà fín èyíkéyìí nínú wọn sínú. Ojú ara máa ń fọ ara rẹ̀, fífín omi sínú rẹ̀ a sì máa ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Nínú ẹnu àgbà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọtí kíkan ń jẹ ara eyín, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n sódà àti iyọ̀ ni mo fi ṣíwájú gbogbo oògùn ilé tó wà fún èfu ẹnu. Bu ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, tó tó nǹkan bíi 240 mílílítà, fi ṣan ẹnu, kí o tu ú dànù. Èyí ò ní lé èfu tó ti fìdí múlẹ̀ lọ, àmọ́ á jẹ́ kí ẹnu mọ́, á mú kí ọgbẹ́ rọ̀, oògùn gidi yóò sì rí ibi tó mọ́ bá ṣiṣẹ́. Kò náni ní nǹkan kan, kò sì ní ewu fún ẹni tó lè tu ú.

Yúgọ́ọ̀tì àti kápúsù bakitéríà rere

Ọ̀rọ̀ yúgọ́ọ̀tì bọ́gbọ́n mu létí. Bakitéríà rere ló ń ṣọ́ ojú ara, bakitéríà rere ló wà nínú yúgọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ kí a gbé èkejì ran èkíní lọ́wọ́. Àwọn tó sábà wà lójú ara, bíi *Lactobacillus crispatus*, kọ́ ló ń sọ wàrà di yúgọ́ọ̀tì. *Lactobacillus bulgaricus* wà lára àwọn tó ń ṣe ìyẹn. Orúkọ ìdílé wọn kan náà ni, ilé wọn yàtọ̀, alejò kì í sì í pẹ́ nílé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kápúsù ńkọ́, tó jẹ́ pé wọ́n dìídì yan bakitéríà inú rẹ̀? Ní 2004, ìwádìí kan láti Ọsirélíà jáde lórí àwọn obìnrin tó ń lo antibáyótíìkì. Àwọn kan lo Lactobacillus láti ẹnu, àwọn kan láti ojú ara, àwọn kan lo èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò dènà èfu. Mo mọ obìnrin tó lo kápúsù tó ní òun gbádùn, n kò sì ní sọ pé irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n tí owó mi bá tó ẹyọ kan péré, n kò ní ná an síbẹ̀.

Ohun tí yúgọ́ọ̀tì lè ṣe ni kó tutù. Tó bá jẹ́ funfun lásán, láìní ṣúgà, láìní èso, pa á sí etí ojú ara lóde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o ṣàn án kúrò. Ìjóni á rọlẹ̀. Má kì í bọ inú, pàápàá èyí tó dùn, torí ṣúgà ni ìwúkàrà ń jẹ.

Òróró méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́

Òróró àgbọn àti òróró tea tree máa ń wà lórí ìlà kan náà nínú àtòkọ àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ bí oúnjẹ àti kẹ́míkà ni wọ́n ṣe jìnnà síra.

Òróró àgbọn ní ọ̀rá kan nínú tí wọ́n ń pè ní lauric acid, tó lè ba awọ ara Candida jẹ́. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn dán an wò lórí oríṣi Candida mélòó kan, ìwádìí wọn jáde ní 2007, òróró náà sì dá wọn dúró nínú abọ́ ìwádìí. Nínú abọ́ ìwádìí ni o. Abọ́ ò ní omi ara, kò ní awọ, kò sì ní ẹni tí yóò dìde rìn kí òróró tó ṣiṣẹ́ tán. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ fún nǹkan kan: awọ etí ojú ara tó gbẹ, tó sì ń sán nítorí ìhọra. Fífi díẹ̀ pa á lóde lálẹ́ ń dáàbò bo ó. Tí kọ́ńdọ̀mù bá wà nínú ìlànà yín, ẹ ṣọ́ra, torí òróró máa ń sọ kọ́ńdọ̀mù latex di ẹlẹgẹ́. Ìpara èfu kan tí apòògùn ń tà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ka ara páálí rẹ̀.

Òróró tea tree wá láti ara igi kan ní Ọsirélíà, *Melaleuca alternifolia*. Òun náà ń pa Candida nínú abọ́. Ṣùgbọ́n ó le. Láìpò ó mọ́ nǹkan, ó lè jó awọ, àwọn kan sì wà tí ara wọn kì í gbà á rárá, tí awọ wọn á máa wú, á máa tú. Ẹni tó gbé e mì lè sùn bí ẹni mutí, kó má mọ ibi tó wà, kó máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Gbé e jìnnà sí ọmọdé. Ní ojú ara, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi níláti dán an wò nígbà tí ìpara tí wọ́n ti dán wò lára ènìyàn wà.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ áyù níbí. Áyù tútù ń jó awọ bí asídì. Jíjẹ ẹ́ nínú oúnjẹ ò lè pani, àmọ́ wọn ò tíì fi hàn pé ó ń dín Candida ojú ara kù. Ó tán.

Ẹnu ọmọ: ibi tí n kì í fi ṣeré

Fún ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ oògùn ilé bọ́ kúrò nínú ìfiwéra. Oyin lè ní irúgbìn bakitéríà kan tó ń tú májèlé sínú ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí yóò sì rọ iṣan rẹ̀. Má fi ra ahọ́n rẹ̀, bó ti wù kí ó kéré mọ. Omi iyọ̀ ò wúlò fún un, torí kò mọ bí a ti ń tu nǹkan, yóò gbé e mì ni. Bóráàsì tí àwọn àgbà ìgbà kan ń pò mọ́ glycerine ti pa ọmọ rí. Kí ó má dé ẹnu ọmọ mọ́.

Oògùn aláwọ̀ àlùkò tó ń jẹ́ gentian violet ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà mọ̀ jù. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí èfu, n kò ní sẹ́ ẹ. Ó ń pa aṣọ, ètè àti ọmú láró fún ọjọ́ púpọ̀, tó bá sì le jù ó lè dá egbò sí ẹnu ọmọ. Ní 2019, àjọ ìlera Kánádà kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó fa àrùn jẹjẹrẹ. Nígbà tí nystatin wà, n kò rí ohun tí mo ń wá lọ síbẹ̀.

Bí mo ṣe rí wọn lo nystatin fún ọmọ àbúrò mi nìyí: ìdajì oògùn sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ìdajì sí tòsì, lẹ́yìn tí ọmọ mu ọmú tán, lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ahọ́n ti mọ́ ní ọjọ́ kẹrin, ìyá ọmọ fẹ́ dá a dúró. Apòògùn ní kó ṣe é di ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí funfun náà lọ tán, torí èyí tí ojú ò rí ṣì wà níbẹ̀. Nǹkan kejì tó sọ ló gba àfiyèsí mi: ó béèrè bóyá orí ọmú ìyá ń dùn ún. Ó ń dùn ún, ó pọ́n, ó ń ta á bí abẹ́rẹ́ nígbà tí ọmọ bá mu tán. Ọmọ ń kó o fún ìyá, ìyá ń kó o padà fún ọmọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sì ń bọ orí fídà àti ohun tí ọmọ ń fà lẹ́nu nínú omi híhó lójoojúmọ́. Gel miconazole, oògùn èfu mìíràn, náà wà, àmọ́ ó nípọn tó láti dí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin.

Bọ́rìkì asídì àti oògùn tí apòògùn ń tà

Bọ́rìkì asídì ní ipò tirẹ̀. Fún èfu tó ń padà wá, tó jẹ́ oríṣi Candida tí fluconazole, oògùn èfu tí a ń gbé mì, ò kápá bíi *Candida glabrata*, dókítà lè kọ kápúsù 600 mílígíráàmù fún títì bọ ojú ara lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Mo ti rí i tí wọ́n ń pín ìlànà bí a ṣe lè fi ìyẹ̀fun rẹ̀ kún kápúsù fúnra ẹni. Ẹ má ṣe é. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì, ó léwu fún oyún, ọmọdé tó bá sì rí kápúsù náà lórí tábìlì kò mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí ẹnu ń gbé mì.

Ní ti èfu ojú ara tó wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò le, àwọn oògùn ìdílé azole ni mo fi lé iwájú gbogbo ohun tó wà lókè. Clotrimazole ni a mọ̀ jù nínú èyí tí a ń tì bọ inú; ó wà ní 500 mílígíráàmù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wà ní ìwọ̀n kékeré fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Fluconazole ni a ń gbé mì, kápúsù 150 mílígíráàmù ẹyọ kan. Nínú àwọn tó lo oògùn azole parí, 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn ń yá, tí àyẹ̀wò ò sì rí Candida mọ́. N kò mọ oògùn ilé kan tó lè mú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wá.

Nínú àwọn méjèèjì, èwo? Èyí tí a ń tì bọ inú ló sábà ń mú ìyún rọ̀ kíákíá, ó sì dára fún aláboyún, tí wọ́n máa ń ní kó lò ó fún ọjọ́ méje. Kò mọ́ tónítóní. Yóò ṣàn jáde lówùúrọ̀, ẹ wọ pádì. Fluconazole mọ́, ó rọrùn, àmọ́ aláboyún kì í lò ó, ó sì máa ń bá àwọn oògùn mìíràn jà. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ fún apòògùn kó tó gba fluconazole, kó sì sọ kó tó gba gel miconazole náà, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kọ̀ láti dúró. Ọkọ tàbí ọ̀rẹ́kùnrin tí kò ní ìyún ò nílò oògùn.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó ju oògùn lọ nígbà mìíràn

Ẹni tó ní ikọ́ fée tó ń fa sìtẹ́rọ́ọ̀dù láti ẹnu sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó fi omi ṣan ẹnu kó tu ú lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èfu ẹnu àgbà ń ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó ní eyín àtọwọ́dá, kó yọ ọ́ lálẹ́, kó fọ̀ ọ́, kó fi sínú omi ìfọyín rẹ̀. Tí Candida bá ń gbé lára eyín náà, oògùn ẹnu á kàn máa pààrà ni. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Pátá òwú tó fẹ̀ díẹ̀, láìsí ọṣẹ olóòórùn dídùn lójú ara, ìyẹn náà dára.

Ní ti àwọn tó ní kí a má jẹ búrẹ́dì mọ́ nítorí ìwúkàrà inú rẹ̀: ìwúkàrà búrẹ́dì kì í ṣe Candida, iná ààrò sì ti pa á kó tó dé ọwọ́ yín.

Ìgbà tí kò yẹ kí a fi nǹkan kan wéra mọ́

Lọ rí dókítà tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ nìyẹn, tí o bá lóyún, tí o kò tíì pé ọmọ ọdún 16 tàbí tí o ti kọjá 60, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà, tí ibà tàbí inú rírun bá tẹ̀ lé e, tàbí tó bá ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan. Àwọn tó ń padà wá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ní kí wọ́n máa lo fluconazole lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Èfu ẹnu tó dé bá àgbàlagbà láìsí antibáyótíìkì, láìsí sìtẹ́rọ́ọ̀dù, láìsí eyín àtọwọ́dá, yẹ fún àyẹ̀wò ṣúgà àti HIV. Tí gbígbé oúnjẹ mì bá ń dùn ún láyà, èfu náà lè ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun. Kó má dúró di ọ̀la. Ọmọ ọwọ́ tí kò fẹ́ mu ọmú mọ́ náà, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ṣì ní áyù nílé. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ. Nínú dúrọ́wà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, bébà pH àti clotrimazole kan ló wà níbẹ̀, mo sì máa ń wo ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.